Bí A Ṣe Ń Ka Èsì CA-125 Nígbà Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ilé Ẹyin

Bí ìyá yín, ìyàwó yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ẹyin níhìn-ín ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó ṣeé ṣe kí ìwé láàbù kan ti wà nínú ilé tí wọ́n kọ CA-125, orúkọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, sí. Nọ́ḿbà kan wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ "0–35 U/mL" sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ḿbà náà. Tó bá ju 35 lọ, láàbù á fi lẹ́tà H (ìyẹn ni pé ó ga) sí i lára, oorun á dá lójú gbogbo ilé. Tí kò bá tó 35, a ó ní àrùn ti lọ, a ó lọ ṣe ìdúpẹ́. Nígbà mìíràn ìpayà yẹn kò nídìí, nígbà mìíràn ìdúpẹ́ yẹn ti yá jù.

Ẹni tó ń tẹ̀lé aláìsàn lọ sí ọsibítù, tó ń tọ́jú fáìlì, tó ń dá owó jọ, ni mo kọ èyí fún. Dókítà ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe. Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe ni pé kí ẹ kó àwọn nọ́ḿbà náà jọ dáadáa, kí wọ́n lè sọ ohun tó nítumọ̀, nítorí nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́

CA-125 jẹ́ purotéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn, èyí tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó yí ọkàn ká náà máa ń tú u jáde bí nǹkan bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1981. Ara àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ti mú 35 tí ẹ ń rí yẹn jáde: nínú 100 wọn, nǹkan bí ẹnì kan ló kọjá rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 36 kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 34 kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́.

Nínú 100 obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí 80 ni CA-125 wọn máa ń ga. Bí àrùn náà bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iye yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ìyẹn ni pé àwọn obìnrin kan wà tí àrùn wà lára wọn, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì fi hàn rárá. Nítorí náà, ìwé tí ẹ máa kọ́kọ́ wá ni èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ tàbí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú. Ẹ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀wọ́, irú èwo ni ti Màmá? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló bá a mu?"

Ìdáhùn rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tí aládùúgbò yín ń ṣe. Irú kan wà tó máa ń ní omi yíyọ̀ bí ikun nínú. Nínú irú yẹn, CEA àti CA 19-9 lè wúlò ju CA-125 lọ. Bó bá jẹ́ ọmọdébìnrin tàbí ọ̀dọ́ ló ní àrùn tó bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹyin gan-an, AFP, beta-hCG àti LDH ni dókítà sábà máa ń béèrè. Inhibin tún wà fún irú kan tó ń tú họ́mọ̀nù obìnrin jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta gbogbo wọn pọ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn láàbù kan máa ń di wọ́n bí ẹrù, wọ́n á ní "àyẹ̀wò jẹjẹrẹ pátápátá." Owó yẹn lè gbé Màmá lọ sí ọsibítù lọ́nà méjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ḿbà ìpìlẹ̀

Kí wọ́n tó fi abẹ kan aláìsàn, kí wọ́n tó fún un ní kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, ẹ rí i pé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún CA-125. Bí wọn kò bá tíì gbà á, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Nọ́ḿbà yìí ni a ó máa fi gbogbo èyí tó kù wé.

Bí ó bá jẹ́ 18 tàbí 25 nígbà tí àrùn wà nínú ikùn gbangba, ẹ ti mọ nǹkan pàtàkì kan: jẹjẹrẹ yìí kì í tú CA-125 jáde, àyẹ̀wò náà kò ní lè fi bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ hàn. Síkáànù àti àyẹ̀wò ọwọ́ dókítà ni ẹ ó fi ọkàn sí. Nínú òfin tí àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ obìnrin lágbàáyé jọ fọwọ́ sí, nọ́ḿbà ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 70, ìyẹn ìlọ́po méjì 35, kí wọ́n tó fi wọn bí ìtọ́jú ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wàhálà ìdílé wa láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó wà ní Kàbà tàbí Ìyàrá ń gba Ọ̀bàjánà lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó wà ní Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ń gba Ọ̀mù-Àrán lọ sí Ìlọrin, sí ọsibítù yunifásítì tó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ bá ọmọ wọn ní Àbújá, wọ́n á gba kímò kan níbẹ̀, wọ́n á padà wálé. Níbi tí wọ́n bá bọ́ sí ni wọ́n á ti ṣe àyẹ̀wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé mẹ́rin á wà nínú fáìlì láti láàbù mẹ́rin, a ó sì máa bi ara wa léèrè ìdí tí nọ́ḿbà fi ń lọ sókè sódò.

Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan ṣe àti èyí tí òmíràn ṣe kì í ka CA-125 bákan náà. Ẹni tó fi múdù ọjà Kàbà wọn gààrí lónìí, tó sì fi kóńgò Ìbàdàn wọ̀n ọ́n lọ́la, kò lè sọ bóyá gààrí rẹ̀ dín kù tàbí ó pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lè jẹ́ 48 lórí ẹ̀rọ kan kó sì jẹ́ 60 lórí òmíràn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe.

Ohun mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké ní àwọn ìlú wa kì í ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra wọn. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí láàbù ńlá ní ìlú mìíràn. Kò sí àléébù níbẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó rin ìrìn àjò, kí wọ́n sì fi í sínú òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tó ń lọ àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí láàbù kan náà ní Kàbà lè máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja lóṣù yìí, kó sì fi ránṣẹ́ sí Àbújá lóṣù tó ń bọ̀. Ó dára kí ẹ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ síbi kan, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ ó san owó mọ́tò díẹ̀ sí i.

Bí ó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ láàbù, ẹ bẹ dókítà kí wọ́n ṣe ti láàbù tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ara ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan náà. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun nínú ìwé yín. Nípa ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sínú èsì, ẹ má bẹ̀rù bí láàbù kan bá kọ U/mL tí òmíràn sì kọ kU/L: nọ́ḿbà wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n HE4, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń fi kún un nígbà mìíràn, pmol/L ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òdiwọ̀n tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀

Kímò tó wọ́pọ̀ jù fún àrùn yìí, carboplatin pẹ̀lú paclitaxel, ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà. Àwọn kan máa ń gba mẹ́ta, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gba mẹ́ta tó kù. Àkókò tó dára jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún CA-125 nígbà tí wọ́n ń gba ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pípé (FBC) kí kímò tó kàn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni Màmá á fara dà. Kò sí ìdí láti gbààwẹ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé owó ló ń pinnu ọjọ́ fún ọ̀pọ̀ wa. Nígbà kaṣú, owó wà, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọjà bá dákẹ́, oṣù mẹ́rin á kọjá. Ó sàn kí ẹ ṣe é níye ìgbà díẹ̀ tó bá ọjọ́ kímò mu ju kí ẹ ṣe é léraléra nítorí pé ọwọ́ tẹ owó. Ẹ sọ fún dókítà iye tí ẹ lè ná, kó sọ ìgbà mélòó tí kò ṣeé yẹ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹ lọ, tàbí tó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà bó bá bọ́ sí i:

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, ojú egbò inú nìkan lè gbé CA-125 sókè. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí ẹ tó gba nọ́ḿbà náà gbọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi ikùn, ó lè ga fún ìgbà díẹ̀. Fún obìnrin tí kò tíì kọjá nǹkan oṣù, ọjọ́ tí nǹkan oṣù wà náà lè gbé e sókè.

Biotin, irú fítámì kan, ńkọ́? Inú oògùn irun àti èékánná tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń rà ní ilé oògùn ló máa ń wà. Nígbà tí kímò bá gbọn irun dànù, ọmọ ilé tó nífẹ̀ẹ́ Màmá lè rà á fún un láti fi ṣe ìtùnú. Bí biotin bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, kí wọ́n ka CA-125 ní kékeré ju bó ṣe wà lọ. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa irú ìdàrúdàpọ̀ yìí láti 2017. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo ike oògùn tí Màmá ń lò lọ sí ọsibítù, títí kan àgbo. Àgbo lè bá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jà, àwọn méjèèjì ni kímò sì ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé ìkọsílẹ̀, àti bí a ṣe ń kà á

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé tó. Ẹ ya ìlà márùn-ún: ọjọ́, láàbù, nọ́ḿbà, kímò kelòó, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára (ibà, omi ikùn, iṣẹ́ abẹ, bó ṣe ń jẹun). Ìlà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ, òun sì ni dókítà máa ń wá jù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí tí mo kàn ṣe fún ẹ̀kọ́. Ṣáájú kímò kìíní, 840. Ṣáájú ìkejì, 410. Ṣáájú ìkẹta, 160. Lẹ́yìn ìyẹn 52, 21, 14, ó sì parí sí 11. Tí ẹ bá wo 410 nìkan, ẹ̀rù á bà yín, ó ju 35 lọ ní ìlọ́po mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ó ti dín ju ìdajì 840 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú òfin àwọn onímọ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bí nọ́ḿbà bá dín sí ìdajì ìpìlẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 28, wọ́n á ní ìtọ́jú ń dáhùn. Màmá inú àpẹẹrẹ yìí ń dáhùn dáadáa, nígbà tí láàbù ṣì ń kọ H sí gbogbo ìwé rẹ̀.

Bó ṣe ń yára wálẹ̀ náà ní ìtumọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Faransé ti ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní KELIM: wọ́n ń mú nọ́ḿbà mẹ́ta ó kéré tán láàárín 100 ọjọ́ àkọ́kọ́ kímò láti fi mọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń gba oògùn sí. Dókítà yín lè lò ó tàbí kó máà lò ó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní nọ́ḿbà mẹ́ta láti láàbù kan náà pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ó ṣeé ṣe láti ṣe é. Ẹni tó ní ẹyọ kan láti Lọ́kọ́ja àti ẹyọ kan láti Àbújá kò lè ṣe é.

Ẹ má retí kó já wálẹ̀ lójijì. Ó lè ga díẹ̀ lẹ́yìn kímò kìíní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò sì ní di òdo láé, nítorí ara tó le náà ń tú díẹ̀ jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè

Ká sọ pé ìtọ́jú ti parí, nọ́ḿbà ti dúró sí 11 fún oṣù mélòó kan, ó wá di 19, ó di 31. Kò tíì kọjá 35. Ó yẹ kí dókítà rí i, nítorí ìrìn rẹ̀ ń lọ sókè, ṣùgbọ́n kò tíì tó ìgbà tí à ń pe gbogbo ẹbí wálé.

Àwọn ohun mìíràn tó lè gbé e sókè kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa: fáíbírọ́ìdì, àkóràn inú ilé ọmọ, àìsàn ẹ̀dọ̀, ọkàn tí kò lágbára mọ́, omi nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn. Ti ikẹ́yìn yìí lè fa omi ikùn àti CA-125 tó ga gan-an, tí yóò jọ jẹjẹrẹ bí ìbejì. Bí Màmá bá ń wúkọ́, tó ń làágùn lóru, tó sì ń rù, ẹ rí i pé ẹ mẹ́nu kan án.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ka ìgòkè nìyí. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 35 rí, wọ́n á dúró títí yóò fi tó 70 lẹ́ẹ̀mejì, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì. Fún ẹni tí tirẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ 35 rí, wọ́n á mú iye tó kéré jù tó dé, wọ́n á fi wé e: bó bá ti kéré jù sí 60, ìlọ́po méjì rẹ̀, 120, ni wọ́n ń wò, lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe nígbà tí nọ́ḿbà bá ga lójijì ni pé kí ẹ tún un ṣe, ní láàbù kan náà.

Ìgòkè yìí máa ń ṣáájú ìnira ara ní oṣù díẹ̀. Ìbéèrè tó ń wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn ni pé: ṣé kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ kímò lójú ẹsẹ̀? Wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní 2010, àwọn oníwádìí ní Yúróòpù tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 529 tí CA-125 wọn ti ga lẹ́yìn ìtọ́jú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kímò fún ìdajì wọn lójú ẹsẹ̀; wọ́n dúró de ìdajì kejì títí àìsàn fi hàn lára. Àwọn tó yára fi nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú àwọn yòókù nínú kímò. Wọn kò pẹ́ láyé jù wọ́n lọ, ìnira kímò ló sì tètè bá wọn.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fi ìgòkè pamọ́. Lónìí, oògùn tuntun wà, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ abẹ kejì lè ṣe láǹfààní, nítorí náà dókítà lè ní kí wọ́n ṣe síkáànù kíákíá. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ pé "ẹ jẹ́ kí a máa wò ó," kò pa yín tì. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sáré lọ bá ẹlòmíràn tó máa fún yín ní kímò nítorí nọ́ḿbà lásán.

Ìgbésẹ̀ keje: bó bá wálẹ̀, tí ara sì ń sọ òmíràn

Ó kúrú: ara ló ni ọ̀rọ̀. Bí ikùn bá ń wú, bí oúnjẹ díẹ̀ bá ti ń yó o, bí ìgbẹ́ kò bá lọ déédéé mọ́, bí ó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, bí ìrora ìsàlẹ̀ ikùn bá padà dé, ẹ lọ sí ọsibítù, kódà kí CA-125 jẹ́ 9. Èsì tó wà ní ìsàlẹ̀ 35 kò fi hàn pé àrùn ti tán. Dókítà tó fi ọwọ́ tẹ ikùn, àti síkáànù, ló lè rí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i

Àwọn láàbù ń fi èsì ránṣẹ́ sórí WhatsApp báyìí, tí ó sì máa ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nígbà tí dókítà ti lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sínú àwùjọ ẹbí. Àbúrò tó wà ní Èkó á fi sínú Google, àǹtí tó wà ní Kánádà á pe Màmá ní agogo méjìlá òru, Màmá á sì gbọ́ ìtumọ̀ mẹ́ta tó tako ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí èsì yóò máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó gbé e lọ fún dókítà. Ẹ tún bi Màmá fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ máa gbọ́ nọ́ḿbà náà. Àwọn kan fẹ́, àwọn kan kò fẹ́. Ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà, àwọn ìbéèrè tó lérè ni: "Ṣé ó ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe rò?", "Nọ́ḿbà wo ni yóò mú kí ẹ yí ìtọ́jú padà?", "Ìgbà wo ni a ó tún ṣe é?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kan náà, kí ẹ tó kúrò lórí àga.

Ó ku àwọn ọmọbìnrin ilé. Wọ́n á béèrè bóyá kí àwọn náà lọ ṣe CA-125 láti mọ̀ bóyá àwọn ní in. Ìwádìí tó tóbi jù lórí èyí, tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó lórí obìnrin tó lé ní 200,000, jáde ní 2021: ṣíṣe CA-125 lọ́dọọdún fún àwọn tí ara wọn le kò dín iye tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin ń pa kù. Ohun tó lè ṣe wọ́n láǹfààní ni kí wọ́n kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin tàbí ti ọmú, ní ìhà ìyá àti ní ìhà bàbá, àti ọjọ́ orí tó fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n béèrè bóyá àyẹ̀wò BRCA, ìyẹn àyẹ̀wò jíìnì tí a ń jogún, yẹ wọ́n.